Ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, Ìyá Ìbejì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, ni mò ń gbé, àmọ́ Kùtọ̀nú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, agogo 7 alẹ́ ni mo máa ń wọlé, nígbà míì ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 9, wọn ò fẹ́ jẹ nǹkan míì mọ́ ju sìpàgẹ́tì, frites (ànàmọ́ dídín) àti chawarma lọ. Ìyá ọkọ mi ní oúnjẹ òyìnbó ni mo fi ń ba ara ọmọ òun àti ọmọ ọmọ òun jẹ́, kí n yáa padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀. Ọkọ mi náà, wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ ti ń ga, ẹnì kan sì sọ fún un pé kó má jẹ àmàlà àti epo pupa mọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ wọ́n, ìrẹsì ìbílẹ̀ lókùúta. Ṣé òótọ́ ni pé oúnjẹ ìbílẹ̀ ló dáa jù, àbí ọ̀rọ̀ àwọn tó lówó tí wọ́n sì ráyè ni?" Bí Ìyá Ìbejì ṣe kọ̀wé sí mi nìyẹn, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ẹ sì kú làálàá ọ̀nà Kùtọ̀nú, ọ̀nà yẹn nìkan tó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn: àkókò tẹ́ ẹ ò ní, owó tí ò tó, àìsàn tó fẹ́ mú ọkọ yín, àti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ tó ń dùn yín. Ìdáhùn kan ò lè tán gbogbo ẹ̀, torí oúnjẹ tó máa dáa fún ṣúgà ọkọ yín kọ́ ló máa yanjú agogo 7 alẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Àwọn obìnrin tó ń ṣe irú, gàrí àti èlùbọ́ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì máa ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ọmọ nílé ìwòsàn, torí náà ohun tí mo mọ̀ ni bí oúnjẹ ṣe ń ti oko dé inú abọ́ àti ohun tí ojú ẹ̀ ń rí lọ́nà. Mo fẹ́ràn oúnjẹ ilẹ̀ wa gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní torí pé mo fẹ́ràn ẹ̀ kí n wá parọ́ fún yín.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká tú palẹ̀ ni pé ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín jọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oúnjẹ tó yá ni ti òyìnbó, èyí tó ń pẹ́ lórí iná ni tiwa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ló máa ń dúró de àkàsà? Ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí zem, ìyẹn ọ̀kadà, ẹ na owó, wọ́n á já àkàsà tó ṣì gbóná nínú ewé lé yín lọ́wọ́, ẹni tó ń gé ẹran chawarma ò tíì mú ọ̀bẹ nígbà yẹn. Àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, àbọ́lò pẹ̀lú ẹja dídín, àtàsí tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà sè pọ̀, oúnjẹ etí títì ni gbogbo wọn, àwọn ìyá wa ti ń tà á kí ẹnikẹ́ni níbí tó mọ mayonnaise. Ẹ tún wá lọ ṣí ìkòkò tá à ń pè ní ti ìbílẹ̀ nílé púpọ̀ lónìí, kí lẹ máa bá? Kúbù mẹ́rin, tòmátò inú agolo, apá tòlótòló inú firísà tí ọkọ̀ òkun já sílẹ̀ ní Kùtọ̀nú, òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ ọbẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ ti ìyá wa, nǹkan inú ẹ̀ ni kì í ṣe tiwọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń béèrè pé ṣé ti ìbílẹ̀ ni, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé kí ni wọ́n fi sè é, ta ló gbìn ín, ta ló ṣe é, kí ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀, kí ni wọ́n fi kún un. Àwọn ará Ítálì tó dìde lọ́dún 1986 nígbà tí McDonald's fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ láàárín ìlú Róòmù, àwọn tó wá di ẹgbẹ́ Slow Food, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpinnu wọn ní Paris lọ́dún 1989, ohun tó jọ èyí làwọn náà ń béèrè: ṣé oúnjẹ yẹn dùn, ṣé ó mọ́, ṣé ẹni tó ṣe é rí owó tó tọ́ gbà. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wúlò fún wa ní ọjà Wàǹdó náà gan-an.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má bínú sí wọn. Wọn kì í ṣe alájẹjù, wọn ò sì ya olóríkunkun. Lọ́dún 2019, Kevin Hall àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kó èèyàn 20 sójú kan, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ tó ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n tún ń fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n fi nǹkan tútù sè fún ọ̀sẹ̀ 2 míì. Ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ inú méjèèjì, wọ́n ṣe é kó ṣe déédéé, wọ́n wá ní kí kálukú jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Lásìkò tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́ yẹn, nǹkan bí 500 kalorí ni wọ́n ń jẹ lé lójúmọ́, wọ́n sì ń sanra, nígbà tí wọ́n bọ́ sí èkejì wọ́n fọn. Èèyàn 20 ò pọ̀, ará Amẹ́ríkà sì ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ Àjàṣẹ́, àmọ́ ohun tí èmi náà ń rí lójú ara mi bá a mu: oúnjẹ tó rọ̀, tó níyọ̀, tó lọ́ràá, tí eyín ò ní iṣẹ́ kankan ṣe lórí ẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ tán kí ikùn tó ráyè sọ pé ó ti tó. Chawarma kì í sì í dá wá, ìgò ọtí dídùn kan máa ń tẹ̀ lé e. Nínú ìgò 33 sẹ̀ntílítà, nǹkan bí 35 gíráàmù ṣúgà ló máa ń wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé ní kí ṣúgà tá à ń fi sí nǹkan má ju bí 50 gíráàmù lọ fún àgbàlagbà lójúmọ́, pé tó bá lè jẹ́ 25 ló dáa jù, ti ọmọ ọdún 9 gbọ́dọ̀ kéré sí ti àgbà. Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa yí padà láti ọ̀la, ìgò yẹn ni kẹ́ ẹ mú kúrò, kó di ti ọjọ́ ọdún nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ chawarma wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì máa mu omi lé e.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe chawarma. Ọbẹ̀ ni. Tí mo bá bi àwọn ìyá nílé ìwòsàn pé kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ àná, òkèlè ni wọ́n máa ń dárúkọ, àmàlà, èbà, ẹ̀kọ, wọ́n á sì rò pé àwọn ti dáhùn. Tí mo bá wá ní kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ata, òróró, omi, kúbù, ó parí. Ewébẹ̀ ti lọ. Láyé ìyá àwọn ìyá wa gbọ̀ma, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ewúro, ilá, ẹ̀gúsí ló ń kún abọ́, òkèlè kàn ń gbé e lọ sẹ́nu ni. Ní báyìí òkèlè ti tó orí ọmọ, ọbẹ̀ sì ti di ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kó há lọ́fun. Oúnjẹ òyìnbó kọ́ ló gba ewébẹ̀ lọ́wọ́ wa o, kí chawarma tó dé la ti ń dín in kù, torí pé jíjá ewé ń gba àkókò, torí pé omi ewébẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká máa dà nù ń mú iṣẹ́ pọ̀ sí i, torí pé kúbù kan ti lè mú omi lásán ta sánsán bí ọbẹ̀. Nítorí náà tí ìyá ọkọ yín bá ní kẹ́ ẹ padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀, tẹ́ ẹ wá padà sí èbà ńlá pẹ̀lú omi ata, ẹ ò tíì padà síbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká lo ọkọ yín fi ṣàlàyé ẹ̀. Ẹni tó ní kó má jẹ àmàlà mọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Àmàlà máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni, èbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ, ìrẹsì, búrẹ́dì funfun, sìpàgẹ́tì, gbogbo wọn ni. Mo ti rí àwọn tó sá fún iyán tí wọ́n wá ń fi búrẹ́dì ẹlẹ́yin jẹun láàárọ̀, ní ọ̀sán, lálẹ́, tí ẹnu ń yà wọ́n pé ṣúgà ò lọ sílẹ̀. Ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ ni ìwọ̀n òkèlè, ohun tó bá a rìn nínú abọ́, àti ẹsẹ̀ rírìn. Kó gé òkèlè sí ìdajì èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ewébẹ̀ inú ọbẹ̀ ẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, torí àwọn yẹn kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Epo pupa kọ́ ló ń fa àìsàn ṣúgà. Àwọ̀ pupa tó wà lára ẹ̀ yẹn ni ara ń sọ di fítámì A tí ojú ọmọ nílò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú ẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò dáa fún iṣan ọkàn tó bá pọ̀ jù, torí náà ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má da ìgò kọ ìkòkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gbé epo kaná títí á fi funfun tí èéfín á fi gba ilé, ẹ jọ̀ọ́, oore inú ẹ̀ lẹ sun dànù yẹn, ọ̀rá nìkan ló ṣẹ́ kù. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, "wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ ń ga" ò tó. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó jẹun, tí nọ́ńbà yẹn bá tó 1,26 gíráàmù nínú lítà kan, tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ míì tó ṣì tó bẹ́ẹ̀, àìsàn ṣúgà ti dé nìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ló wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo. Tó bá wà láàárín 1,10 sí 1,25, àyè ṣì wà gan-an, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ẹsẹ̀ rírìn ti lágbára jù lọ.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo irú dáadáa, torí òun ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kan wà ní Kétu tí mo máa ń lọ, ẹ ó ti gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á gbé èso igi igbá kaná láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, torí èèpo ẹ̀ le bí òkúta wẹ́wẹ́, iná ò gbọ́dọ̀ kú. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á dà á sínú odó, wọ́n á bu eérú sí i, wọ́n á máa gún un jẹ́jẹ́ kí èèpo lè bọ́ kí inú má fọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú omi bíi mélòó kan títí èèpo dúdú á fi léfòó lọ, á wá ku hóró tó pupa rúsúrúsú tó ń dán. Wọ́n á tún un sè. Nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n á kó o sínú igbá, wọ́n á fi ewé àti àpò bò ó mọ́lẹ̀ gbọningbọnin, ó di ọjọ́ kejì, ìkẹta, ibẹ̀ ló ti máa ń yọ̀, tó máa ń fa okùn, tí òórùn ẹ̀ á yí padà. Kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ló ń tú èròjà tó ń mú ara dàgbà palẹ̀ kó lè rọrùn fún ikùn, òun ló sì ń mú adùn ẹ̀ wá. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Kúbù ní tiẹ̀, bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ iyọ̀, àjọ ìlera àgbáyé sì ní kí iyọ̀ má tó 5 gíráàmù lójúmọ́ fún àgbàlagbà, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, ká kó ti inú búrẹ́dì, ti inú ẹja gbígbẹ àti èyí tá a fọwọ́ bù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó fi kúbù mẹ́rin sí ìkòkò tó tún bu iyọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń sè. Tẹ́ ẹ bá ń lo irú dáadáa, kúbù kan á tó, nígbà tó bá yá ẹ ò ní nílò ẹ̀ mọ́. Mi ò ní sọ pé irú lè rọ́pò ẹja o, ìwọ̀n tá à ń fi sí ọbẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ewébẹ̀ dùn lẹ́nu ọmọ, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó oúnjẹ ìbílẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́. Oúnjẹ tiwa náà lè ṣe èèyàn léṣe. Àgbàdo tí wọ́n kórè lásìkò òjò, tí wọn ò sá kó gbẹ, tí wọ́n dì mọ́nú àpò, ó máa ń bu, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin á wọ̀ ọ́, iná kì í pa á, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Lọ́dún 2002 ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe níbí ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 láti abúlé 16, nínú ọmọ 100, 99 ló ní májèlé yẹn lára, àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ló sì kúrú jù tó rù jù láàárín ẹgbẹ́ wọn. Àgbàdo àti ẹ̀pà ni, oúnjẹ ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Nítorí náà ẹ ṣa hóró kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, èyí tó bu, tó fọ́, tó ṣì tutù, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ má fún adìẹ. Ewébẹ̀ náà ń kọ́? Àwọn olóko kan ń fi oògùn òwú fín in, oògùn tí wọn ò ṣe fún nǹkan jíjẹ, a ò sì lè gbàgbé pé lọ́dún 1999 sí 2000 irú oògùn bẹ́ẹ̀ pa èèyàn ní Borgou, lápá àríwá Bẹ̀nẹ̀. Omi ò lè fọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ohun tó lè gbà yín ni kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń gbìn ín, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ni o fi ń lé kòkòrò, ìgbà wo lo fín in kẹ́yìn. Ẹni tó ń lo ewé dóńgóyárò á dá yín lóhùn pẹ̀lú ayọ̀, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ẹ kọjá. Ẹ̀wà gbígbẹ náà, oògùn ni wọ́n máa ń fi pa kòkòrò inú ẹ̀, mo fẹ́ràn àwọn tó ń kó o sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí wọ́n ń pè ní PICS, kòkòrò á kú síbẹ̀ fúnra ẹ̀ láìsí oògùn kankan. Igbó wa náà ń sanwó ẹ̀: èédú tá à ń dá níbí ní Àjàṣẹ́ àti ní Kùtọ̀nú, apá Ṣábẹ̀ẹ́ àti àgbègbè Collines ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, igi igbá gan-an wà lára èyí tí wọ́n ń gé, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbìn ín ò pọ̀. Tá a bá gé e tán, kí la fẹ́ fi ṣe irú?

Owó wá ńkọ́. Àwọn baba wa ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, mi ò sì ní wá máa tan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka owó ọjà yín jẹ. Adìẹ ìbílẹ̀ wọ́n ju adìẹ inú firísà lọ, ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀, mi ò rí i pé yóò yí padà láìpẹ́. Adìẹ inú firísà ò burú nítorí pé ó ti òkèèrè wá, ìṣòro ẹ̀ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó máa ń yọ́, tó tún máa ń dì, títí ẹran á fi bàjẹ́ láìjẹ́ pé ojú ẹ̀ yí padà. Tẹ́ ẹ bá rí yìnyín tó dì gágá pọ̀ mọ́ omi pupa nísàlẹ̀ àpò, ó ti yọ́ rí nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kó jẹ́ adìẹ? Wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá láti apá Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi oje ewé bọ̀mùbọmù mú kó dì, tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa kó lè pẹ́, ẹ gé e, ẹ sè é, ẹ dín in fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ gbọ̀ma, àwọn ìbejì ò ní bi yín ibi tí ẹran wà. Wàrà sóyà wà, ó tún rọjú sí i. Ẹ̀wà wà, ẹyin wà, ẹja omi Wémè wà, tó bá jẹ́ gbígbẹ ẹ yan èyí tí kò dúdú bí èédú, kẹ́ ẹ bó awọ ẹ̀ kúrò. Ìrẹsì ìbílẹ̀ lókùúta lóòótọ́, ó máa ń jẹ́ torí pé ilẹ̀ ni wọ́n sá a sí, kì í ṣe pé ìrẹsì yẹn burú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣà tí wọ́n dì sínú àpò wà lọ́jà báyìí, láti Glazoué àti láti àfonífojì Wémè, tó bá wọ́n jù fún yín ẹ máa dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀wà kẹ́ ẹ fi ṣe àtàsí, ìrẹsì tẹ́ ẹ máa lò á dín kù. Sìpàgẹ́tì àti búrẹ́dì tó dà bíi pé wọ́n pọ́ọ́kú, àlìkámà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, a kì í gbìn ín ní Bẹ̀nẹ̀, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine lọ́dún 2022 a rí i bí owó ẹ̀ ṣe fò sókè, ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa ò gbọ́ pé ogun kankan ń jà.

Ní ti agogo 7 alẹ́ yẹn, èmi ò ní kẹ́ ẹ wá máa gún iyán lálẹ́ ọjọ́ Tuesday. Òkèlè ò nílò kẹ́ ẹ sè é rárá, ẹ ra àkàsà tàbí àbọ́lò lọ́wọ́ ìyá tẹ́ ẹ mọ̀ pé omi ẹ̀ mọ́ tí ewé ẹ̀ mọ́, ẹ gbé e délé. Ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ọjọ́ Sátidé ṣe, ìkòkò méjì, ọ̀kan ata díndín tẹ́ ẹ ti fi irú àti ẹja sí, ìkejì gbọ̀ma tàbí tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fún omi ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní firísà ẹ pín in sí abọ́ kéékèèké, lálẹ́ ẹ mú abọ́ ata kan àti ewébẹ̀ díẹ̀ gbé kaná, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tí kò bá sí firísà, ata díndín tó gbẹ dáadáa á gbé ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ bá ń gbé e gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, ewébẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, àwọn tó ti rẹ́ ẹ sílẹ̀ wà ní Wàǹdó, kẹ́ ẹ ṣáà tún un fọ̀. Ẹ má fi òfin dé chawarma àti sìpàgẹ́tì, mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n fún ọmọ pé kó fi ra àkàrà níléèwé lọmọ fi ń ra ohun tí wọ́n ní kó má jẹ. Ẹ kàn yí sìpàgẹ́tì yẹn lọ́wọ́ padà ni: ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ fi tẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ àti irú sè é, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín já ewé. Ọmọ tó bá já gbọ̀ma pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀ máa ń fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Àwọn kan nínú wọn á ṣì kọ̀ ọ́ fún oṣù mélòó kan, ohun tí mo rí nìyẹn, ẹ ṣáà máa gbé e síwájú wọn láìpariwo.

Ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ òyìnbó. Ẹ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá bá yín lọ́jọ́ Sátidé, torí àwọn ni wọ́n mọ ìwọ̀n irú tí ìkòkò kan ń gbà àti bí wọ́n ṣe ń mọ gbọ̀ma tó ti gbó jù lójú, ẹ̀yin sì mọ ohun tí ìwé ilé ìwòsàn sọ nípa iyọ̀ àti epo. Ibi tẹ́ ẹ ń gbé yẹn dáa gan-an fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Songhaï wà níbẹ̀ ní Wàǹdó, Bàbá Godfrey Nzamujo dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan, ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n ń fi tọ́ ìdin tí ẹja ń jẹ, omi ẹja ń lọ sídìí ewébẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣòfò, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n fojú rí i, kò wá túmọ̀ sí pé ibẹ̀ nìkan lẹ ti gbọ́dọ̀ máa ra nǹkan, torí àwọn ìyá aláta ọjà náà ń gbìyànjú, owó tiwọn sì máa ń rọjú. Irú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀, ẹ kó o sínú ìgò olómorí, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i kó má baà yọ ìdin, kẹ́ ẹ sì rántí yọ ìwọ̀n iyọ̀ yẹn kúrò nínú tọbẹ̀. Ẹ mú ọkọ yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó jẹun àárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un àti ohun tó ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní fi ṣe iṣẹ́ dókítà, àmọ́ màá lè sọ bí òkèlè ẹ̀ ṣe yẹ kó kéré tó àti ohun tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀.